Àṣírí gúlóòbù LED tú! Bébà tí wọ́n kán òróró sí ló máa sọ èyí tó ń jẹ bátìrì yín lásán

Ẹni tó bá fẹ́ ra gaàrí kóńgò kan lọ́jà Akotogbo, ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n. Bí ìdí kóńgò ọ̀hún bá ti tẹ̀ wọnú, tó jẹ́ pé ọlọ́jà ti fi òòlù lù ú kó má baà gba gaàrí tó, ìjà ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà yìí á yà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta gúlóòbù, á ka owó sílẹ̀, wọ́n á fún un ní LED tí wọ́n kọ '20W' gàdàgbà sí lára, á dúpẹ́, á sì máa lọ sílé. Kò wọ̀n ọ́n, kò bi ẹnì kankan léèrè. Àbí kóńgò wo ni wọ́n fẹ́ fi wọn ìmọ́lẹ̀?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, nítorí ìmọ́lẹ̀ ṣeé wọ̀n o. Kò dìgbà téèyàn bá lọ sí yàrá ìwádìí olówó gọbọi. Bébà funfun kan, ẹ̀kán òróró kan, téèpù tí káfíńtà fi ń wọn pákó, mítà tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń lò, àti yàrá kan tó ṣókùnkùn dáadáa, ìyẹn ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ti òkùnkùn ni, kò sẹ́ni tó máa kọ́ àwọn ará ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níyẹn.

Ẹni tó bá mọ apá gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín níbẹ̀. Ní Òkìtìpupa, ní Ìrèlè tí Akotogbo wà lábẹ́ ẹ̀, ní Ẹsẹ̀-Odò àti ní Ìlàjẹ, ọ̀pọ̀ ìlú ló fi ohun tó ju ọdún 10 lọ wà láìrí iná ìjọba rárá. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ títí, wọ́n ṣe ìwọ́de títí. Ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà dà bí àlá ni pé ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ní Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ wà, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007, tí agbára ẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 335. Iná ń gba orí wọn kọjá lọ síbòmíì, àwọn ń tan fìtílà nísàlẹ̀. Wọ́n ń gbé etí odò, itọ́ ni wọ́n fi ń bọ́jú.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní 'I better pass my neighbour' ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ nígbà náà. Ìyẹn náà dùn mọ níwọ̀n títí di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àga tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí iye tí ìjọba ń tà á kò tó 200 náírà fún lítà kan kí ọjọ́ yẹn tó dé, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti lé ní 480. Àtìgbà náà ni ẹni tó lágbára díẹ̀ ti gbé páálí sólà sórí òrùlé, tó gbé bátìrì kan sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó sì fi gúlóòbù LED tó ń lo fóòtì 12 kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí yàrá, sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó ń gba iná ìjọba lè sọ pé wáàtì méjì, mẹ́ta tó ṣòfò kò jẹ́ nǹkan kan. Ti ẹni tó ń lo bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba lohun tí oòrùn bù sínú bátìrì lọ́sàn-án, gúlóòbù tó bá sì jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ó di òkùnkùn nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ṣe púpurú rí kò ní pẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí. Wáàtì tí wọ́n ń kọ sára gúlóòbù, ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Ohun tó wọlé ló ń sọ, kì í ṣe ohun tó jáde. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde, tí àwọn onímọ̀ ń fi lumen kà, ìyẹn gan-an ni púpurú. Obìnrin méjì lè ra apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan rí púpurú 20 ṣù níbẹ̀, kí èkejì rí 10, torí pé omi ló kún inú ẹ̀gẹ́ tiẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ń fi apẹ̀rẹ̀ yangàn láìfi púpurú han èèyàn, ẹ bi í léèrè pé mélòó ló wà lórí iná.

Lumen mélòó ni wáàtì kan mú jáde? Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Lántánì onígíláàsì tí wọ́n ń bu kẹrosíìnì sí, lumen bíi 40 ló ń mú wá. Gúlóòbù ayé àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, tí wọ́n kọ 60 wáàtì sí, lumen bíi 700 ló ń fúnni, ìyẹn bíi 12 péré fún wáàtì kan, ooru ni ìyókù. Ṣùgbọ́n LED tó dáa á mú 80, 90, 100 jáde fún wáàtì kan, àwọn míì tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n sáré ṣe, tí wọ́n fi èròjà tí ò dáa kún inú ẹ̀, lè má ju 50 lọ. Àwọn méjèèjì yìí jọra lójú bí ìbejì, orí tábìlì kan náà ni wọ́n wà lọ́jà, nígbà míì owó wọn tiẹ̀ dọ́gba.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò lọ́nà báyìí. Bátìrì fóòtì 12, áńpì-wákàtí 100, irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí tàbí tí wọ́n dè pa, kò yẹ kéèyàn lò ó kọjá ìdajì kó má baà tètè kú. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 600. Ká ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní gúlóòbù mẹ́fà, tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa mú lumen 500 jáde. Bó bá jẹ́ gúlóòbù tó ń mú 100 jáde fún wáàtì kan, wáàtì márùn-ún lọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ 30, bátìrì á gbé e fún wákàtí 20. Òru méjì nìyẹn, bí òjò tiẹ̀ rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí oòrùn ò yọjú. Bó bá wá jẹ́ èyí tó ń mú 50 jáde, 60 wáàtì ni wọ́n máa jẹ, wákàtí 10 ló parí. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rọ̀, ìyàtọ̀ àárín wákàtí 20 àti wákàtí 10 yìí ló máa sọ bóyá iná ni nọ́ọ̀sì fi máa gbẹ̀bí lóru ọjọ́ kejì, tàbí ẹ̀yìn fóònù.

Kẹ́ ẹ tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mú gúlóòbù onírọ́, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ìjà tó wà nídìí LED fúnra ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Láti ọdún 1962 tí Nick Holonyak ti ṣe LED pupa tó ṣeé fojú rí ní Amẹ́ríkà, pupa àti àwọ̀ ewé ló wà, kò sí aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀, láìsí búlúù, kò sí funfun. Ọmọ Japan kan, Shuji Nakamura, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ Nichia, ló gbé búlúù tó mọ́lẹ̀ gidi jáde lọ́dún 1993. Kí ni ọ̀gá ẹ̀ fún un? Yẹ́ẹ̀nì 20,000, owó tí ò tó 200 dọ́là! Ilé-iṣẹ́ ń pa owó bí ẹlẹ́ha. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ kan ní Tókíò ní kí wọ́n fún un ní bílíọ̀nù 20 yẹ́ẹ̀nì. Wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-wa-lọ́rùn, wọ́n wá jọ parí ẹ̀ lọ́dún 2005 sí mílíọ̀nù 840 yẹ́ẹ̀nì, wọ́n ní inú ẹ̀ ò dùn sí i rárá. Ọdún 2014 ni òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà. Gbogbo LED funfun tó wà lọ́jà lónìí, látara iṣẹ́ yẹn ló ti wá, ojúlówó àti ayédèrú.

Ayédèrú ọ̀hún kì í sì í ṣe ìṣòro Nàìjíríà nìkan. Ní bí ọdún 2009, àwọn olùwádìí láti yàrá ìwádìí Lawrence Berkeley ní California tẹ̀ lé àwọn tó ń lo tọ́ọ̀ṣì LED olówó pọ́ọ́kú ní Kenya. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó rà á ló ti ní wàhálà kan tàbí òmíràn pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ju owó tó ṣòfò lọ. Ẹni tí tọ́ọ̀ṣì bá ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ń sọ pé LED ò dáa, ó máa ń padà sídìí kẹrosíìnì, kò sì ní gbọ́ ti ojúlówó mọ́. Èyí wà lára ìdí tí ètò Lighting Africa, tí àwọn Báńkì Àgbáyé dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, fi ṣètò ọ̀nà tí wọ́n á fi máa dán àtùpà sólà wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ọ̀nà yẹn ló padà di òfin ìdánwò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IEC TS 62257-9-5.

Ṣùgbọ́n àtùpà odindi tó ní sólà tiẹ̀ nìyẹn ń dán wò. Gúlóòbù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kó sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jà, ta ló ń bá wọn dán ìyẹn wò? Àjọ SON, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ló yẹ kó máa ṣọ́ ọjà tí kò kójú òṣùwọ̀n ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀nà láti ọ́fíìsì wọn dé Akotogbo jìn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́ fi ní láti kan nǹkan tiẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ti wà láti nǹkan bíi 1840 ó lé. Robert Bunsen, ará Jámánì, ẹni kan náà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe àdògán onígáàsì tó máa ń wà ní láàbù ilé-ẹ̀kọ́ girama, ló fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n á mú bébà funfun tí kò nípọn jù, wọ́n á kán òróró kan sí i láàárín, kó fẹ̀ bí owó kọ́bọ̀, wọ́n á nù ún, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Ẹni tó bá ti fi bébà di àkàrà rí mọ ohun tí òróró ń ṣe: ojú ibẹ̀ á máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gbabẹ̀ kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ níwájú bébà ju ẹ̀yìn lọ, àbààwọ́n òróró náà á dúdú ju bébà tó yí i ká. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, àbààwọ́n á mọ́lẹ̀ ju bébà lọ. Bí méjèèjì bá dọ́gba, àbààwọ́n á pòórá, bí ìgbà tí kò sí níbẹ̀ rí.

Ẹ wá pákó gígùn kan, mítà méjì, kẹ́ ẹ de gúlóòbù kan mọ́ orí kìn-ín-ní, òmíràn mọ́ orí kejì. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n á máa pè ní ọ̀gá. Ọ̀gá yìí ni gúlóòbù LED tó wá láti ilé-iṣẹ́ táwọn èèyàn fọkàn tán, tí wọ́n kọ iye lumen ẹ̀ sára páálí, ká ní 800 fún wáàtì 9. Wọn kò gbọ́dọ̀ máa fi í tanná lásán o, ìdánwò nìkan ni wọ́n rà á fún. Wọ́n á wá fi bébà olóróró sínú férémù kékeré tí káfíńtà kàn, kó dúró ṣánṣán láàárín, kó sì ṣeé tì síwá sẹ́yìn lórí pákó. Wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á fi aṣọ dúdú bo ara ògiri tó wà lẹ́yìn àwọn gúlóòbù, nítorí ògiri funfun á máa ju ìmọ́lẹ̀ padà, á sì da ìṣirò rú. Ẹni tó ń wò ó á máa ti bébà díẹ̀díẹ̀ títí àbààwọ́n á fi pòórá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa téèpù.

Ká ní bébà dúró síbi tó jìn sí ọ̀gá ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì jìn sí gúlóòbù ọjà ní 80. Ẹ fi 80 pín sí 120, yóò fún yín ní bíi 0.67. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, ó di 0.44. Ẹ fi sọ 800 di ìlọ́po, lumen bíi 355 nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ máa ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ: tó bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin ni ojú ibi tó ń tàn sí ti pọ̀ sí, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa kù lójú kan.

Ó ku ohun tó ń jẹ. Bó bá jẹ́ gúlóòbù fóòtì 12 ni, iṣẹ́ ò pọ̀. Mítà kan á ka fóòtì lẹ́nu bátìrì, òmíràn á wà lójú ọ̀nà wáyà láti ka áńpì. Ká ní ó ka fóòtì 12.5 àti áńpì 0.48, wọ́n á sọ wọ́n di ìlọ́po, wáàtì mẹ́fà nìyẹn. Lumen 355 lórí wáàtì mẹ́fà, bíi 59 ni. Ọ̀gá ńkọ́? 800 lórí 9, bíi 89. Bó bá wá jẹ́ pé '12W' ni wọ́n kọ sára gúlóòbù ọjà yìí, irọ́ méjì ló pa pọ̀: kò jẹ tó bó ṣe sọ, ìwọ̀nba tó sì jẹ náà, kò fi í ṣe nǹkan gidi. Irọ́ kejì yìí ló ń dun bátìrì jù.

Àwọn kan á ní, bó bá ṣe pé irọ́ ni ọ̀gá fúnra ẹ̀ pa ńkọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Bí lumen tí wọ́n kọ sára ọ̀gá bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ jù, gbogbo èyí tí wọ́n bá fi wọ̀n náà á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú á ṣì ṣáájú, èyí tó gbẹ̀yìn á ṣì gbẹ̀yìn. Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra gúlóòbù ń wá kò sì ju ìyẹn lọ.

Ọgbọ́n bébà ní ibi tó kù sí, ó sì yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n. Ọ̀kánkán ibi tó kọjú sí ló ń wọ̀n, kò mọ èyí tó ń tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sẹ́yìn. Gúlóòbù tó da gbogbo ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ síwájú bíi tọ́ọ̀ṣì á dà bí alágbára níbẹ̀, èyí tó ń tàn yíká á dà bí ọ̀lẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gúlóòbù tí ìrísí wọn jọra ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi í wọ̀n. Bí ọ̀kan bá sì ń tàn bí ẹyin ẹyẹ, pupa rúsúrúsú, tí èkejì ń tàn funfun bíi ti mọ́ṣúárì, àbààwọ́n kò ní pòórá tán láéláé. Ibi tó bá ti ṣú díẹ̀ jù ni wọ́n á gbà.

Láti gbà á yíká, àwọn yàrá ìwádìí ńlá ní bọ́ọ̀lù oníhò gbọ̀ngbọ̀n tí wọ́n kun inú ẹ̀ ní funfun, tí wọ́n á gbé gúlóòbù sí láàárín. Richard Ulbricht, ará Jámánì mìíràn, ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1900. Ìmọ́lẹ̀ á máa gbá ara ògiri káàkiri títí gbogbo inú bọ́ọ̀lù á fi mọ́lẹ̀ dọ́gba, kò ní ṣe pàtàkì mọ́ ibi tí gúlóòbù kọjú sí. Bọ́ọ̀lù olówó ńlá ni o. Ṣùgbọ́n kúlà fóòmù funfun tí àwọn tó ń ta ẹja tútù máa ń lò lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀.

Wọ́n á lu ihò kan sí i tí gúlóòbù á gbà wọlé, òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì tí fóònù á máa gbà wòran. Fóònù olójú fífọwọ́bà sábà máa ń ní ojú kékeré kan lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi téèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá kí ojú ẹ̀ tàn sí i. Áàpù ọ̀fẹ́ wà tó máa gbé iye yẹn jáde. Láàárín gúlóòbù àti ojú fóònù, wọ́n á ri páálí funfun kan dúró kí fóònù má baà rí gúlóòbù ní tààràtà. Inú kúlà gbọ́dọ̀ funfun yíká, kò gbọ́dọ̀ dán. Ẹni tó bá fẹ́ kùn ún, ọ̀dà olómi ni kó lò. Ọ̀dà tí wọ́n fi bẹntiróòlù tàbí tínà pò á jẹ fóòmù náà run, gbogbo ọmọ tó ti fi bẹntiróòlù yọ́ fóòmù rí láti ṣe gọ́ọ̀mù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì dán an wò láti tan gúlóòbù àtijọ́ onígbóná nínú kúlà fóòmù o, á yọ́, ó sì lè gbiná.

Nígbà tí ọ̀gá bá ń tàn nínú ẹ̀, ká ní fóònù ka 1,600. Wọ́n á yọ ọ̀gá, wọ́n á fi gúlóòbù ọjà síbẹ̀, ó ka 760. Ẹ fi 760 pín sí 1,600, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 800: lumen 380. Kò jìnnà sí 355 tí bébà sọ, ìyẹn ni pé àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò. Fóònù kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò dópin, kó sì wà lójú kan náà. Ọgbọ́n kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò: ara gúlóòbù fúnra ẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Nítorí náà kí wọ́n jẹ́ kí méjèèjì wà nínú kúlà nígbà gbogbo, kí wọ́n kàn máa tan ọ̀kan kí wọ́n sì pa èkejì.

Ìsinmi ṣe pàtàkì níbí yìí. LED tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn máa ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe máa wà lọ, tó bá gbóná tán ló máa sọ̀ kalẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí wọ́n jẹ́ kó fi tàn kí wọ́n tó kà á. Ọlọ́jà tó ń tan gúlóòbù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta níwájú oníbàárà, tó ní 'ẹ wo bó ṣe ń tàn', òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ òótọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni.

Ibi tí àwọn tó gbọ́n díẹ̀ ti máa ń ṣubú ni gúlóòbù tó ń lo fóòtì 220. Wọ́n á ka fóòtì, wọ́n á ka áńpì, wọ́n á sọ wọ́n di ìlọ́po bíi ti bátìrì, wọ́n á sì pe gúlóòbù ní ọ̀jẹun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ìjọba àti ti ínfátà kì í rìn lójú kan bíi ti bátìrì. LED olówó pọ́ọ́kú lè fa áńpì wọlé kó sì dá èyí tó tó ìdajì padà láìlò ó, bí ẹni tó kó owó lọ sọ́jà tó sì kó ìdajì ẹ̀ bọ̀. Mítà lásán á ka gbogbo owó tó kó jáde nílé. Mítà wáàtì tí wọ́n ń ki bọ ihò iná ló lè ka èyí tó ná gan-an. Ẹni tí kò bá ní in, tí ilé ẹ̀ sì ní mítà ìjọba tó ń sanwó sílẹ̀, lè pa gbogbo nǹkan tó wà nílé, kó tan gúlóòbù 10 tí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kó wá wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú mítà. Bí wọ́n bá kọ 1,000 imp/kWh sára mítà, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn 60 ìṣẹ́jú àáyá ló ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wáàtì 60 ni gbogbo wọn ń jẹ, mẹ́fà-mẹ́fà. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fi mítà àti wáyà ìhòòhò ṣeré lójú fóòtì 220, ìyẹn kò sí nínú eré yìí rárá.

Kò yẹ kí wọ́n fi gúlóòbù ayé àtijọ́ ṣe ọ̀gá náà. Ó wọ́pọ̀ nínú ilé, ó sì dà bíi pé ó rọrùn, ṣùgbọ́n bí fóòtì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á fi bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Níbi tí iná ti ń gòkè tó ń sọ̀, ọ̀gá tó ń yí ohùn padà nìyẹn. LED tí wọ́n ṣe inú ẹ̀ dáadáa kì í ka ìyẹn sí.

Àwọn ọlọ́jà náà ní ẹjọ́ tiwọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò mọ̀ pé ayédèrú ni wọ́n ń tà, Àlàbà tàbí Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kó o, bí páálí ṣe wà ni wọ́n ṣe gbà á. Àwọn náà gan-an lè jàǹfààní kúlà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kó páálí 10 lè kọ́kọ́ ra gúlóòbù mẹ́ta níbẹ̀, kó gbé wọn sínú kúlà. Mẹ́ta ló dáa, kì í ṣe ọ̀kan, torí bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ó lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ka ohun tó jìnnà síra, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí wọ́n bá sì já kulẹ̀ ní òfin lẹ́yìn, òfin ìdáàbòbò oníbàárà tọdún 2018 wà, SON náà wà. Kò dájú pé ilé ẹjọ́ á gba kúlà ẹja gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Yàrá ìdánwò àjọ náà ló máa sọ èyí tí òfin máa gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ìwé tó kọ fóòtì, áńpì, ọjọ́ àti ìṣirò ẹ̀ sí dání lọ, wọ́n á fetí sí i ju ẹni tó kàn ń pariwo lọ.

Ìwé yẹn náà ló máa gbọ́ apá tó kù nínú ẹjọ́ gúlóòbù. Gúlóòbù tó dáa lónìí lè ti rẹ̀ kí ọdún tó yí. Ẹni tó bá ń tan án fún wákàtí mẹ́jọ lálẹ́, láàárín bí oṣù mẹ́rin ni yóò ti lo wákàtí 1,000. Nígbà náà, wọ́n á gbé e padà sínú kúlà, wọ́n á gbé ọ̀gá tí wọ́n ti tọ́jú sínú páálí jáde, wọ́n á tún kà á, wọ́n á sì fi wé iye tó wà nínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.